Ilé àtijọ́ etí odò tí wọ́n fẹ́ tà: ìgbà méjì ni mo lọ wò ó

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo débẹ̀, oòrùn ràn, odò dákẹ́ rọ́rọ́, gbogbo nǹkan sì rí bí wọ́n ṣe yà á sínú ìpolówó. Mo yọ̀, ṣùgbọ́n mi ò sọ̀rọ̀ owó. Mo dúró di ọjọ́ tí òjò rọ̀ mọ́jú, mo wá mú àbúrò mi obìnrin àti màmá wa dání, a padà lọ. Ẹni tó bá fẹ́ ra ilé etí odò, ọjọ́ òjò ni kó lọ wò ó. Bí ẹ bá ti rí ìpolówó ilé yìí, tàbí ti irú rẹ̀ ní abúlé mìíràn, tí ọkàn yín sì ń fà sí i bí tèmi ṣe fà sí i, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á dé òpin kẹ́ ẹ tó tẹ ajẹ́ńtì láago.

Káfíńtà ni bàbá mi. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi bá a ṣiṣẹ́ kí ọwọ́ rẹ̀ tó rọ. Orí àjà ilé onílé ni mo ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ìka kan igi tí wọ́n á sì mọ̀ bóyá inú rẹ̀ ti ṣófo. Títí di òní, bí mo bá wọ ilé kan, igi ibẹ̀ lojú mi máa ń kọ́kọ́ wá.

Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì alájà kan ni, bíríkì ni wọ́n fi mọ ọ́n, ògiri rẹ̀ nípọn tó 45 sẹ̀ǹtímítà. Ó kọjú sí odò, ó kẹ̀yìn sí ọ̀nà abúlé. Yàrá márùn-ún wà lókè, gbọ̀ngán ńlá kan àti yàrá kékeré méjì wà nísàlẹ̀, ilé ìdáná sì lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ẹni tó wá bá wọn jókòó lẹ́yìn tí àwùjọ ti kún. Ìdílé kan ṣoṣo ló ti ń gbé inú rẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti kọ́ ọ. Màmá tó ń tà á ni ìran karùn-ún. Òun àti ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ni wọ́n tún un ṣe. Ọdún mẹ́sàn-án ni wọ́n fi ṣe é, bí wọ́n bá parí yàrá kan, wọ́n á kó lọ síbẹ̀, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Iṣẹ́ ti wá gbé ọmọ náà lọ síbi tó jìnnà, àtẹ̀gùn sì ti ń ṣòro fún màmá láti gùn. Mo bi í léèrè ìdí tó fi ń tà á, ohun tó sì sọ fún mi nìyẹn, kò fi ọ̀rọ̀ bò rárá.

Ohun tó mú mi fẹ́ràn ilé yìí kò sí nínú ìpolówó. Ara òpó ilẹ̀kùn iwájú ló wà. Ìlà mẹ́rin ni wọ́n fi ìṣó fà síbẹ̀, ọ̀kan ga ju ọ̀kan lọ, èyí tó ga jù sì kan orúnkún mi. Mo rò pé ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń wọn bí àwọn ọmọdé ṣe ń ga sí i.

Màmá ní, “Rárá o, ọmọ mi. Odò ló ni ìyẹn. Ibi tó dé nígbà tó wọlé wá ni.”

Mo ní, “Ẹ kò wá kun ọ̀dà bò ó, Mà, nígbà tẹ́ ẹ ń tún ilé ṣe?”

Ó wò mí fún ìgbà díẹ̀. “Ẹni tó bá máa gbé ibí, ṣé kò yẹ kó mọ̀ ni?”

Ilé etí odò mẹ́ta ni mo ti wò kí n tó dé ibẹ̀. Nínú méjì, wọ́n búra fún mi pé omi kò wọbẹ̀ rí, bẹ́ẹ̀ ni ògiri ti bu láti ilẹ̀ dé ìbàdí lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù. Nítorí náà, ìlà mẹ́rin yẹn tù mí nínú ju ìlérí ẹnikẹ́ni lọ. Ẹ tún fi èyí sọ́kàn: bí wọ́n bá sọ fún yín pé irú omíyalé kan kì í wá ju ẹ̀ẹ̀kan lọ ní 100 ọdún, ẹ má rò pé bó bá ti wá lónìí, ó di ìran mìíràn kó tó padà. Ohun tí àwọn tó ń ṣe ìṣirò omi ní lọ́kàn ni pé lọ́dọọdún, ó ṣeé ṣe kó wá ní ìwọ̀n 1%. Bó bá wá ní èṣí, 1% náà ṣì ni lọ́dún yìí. Ẹni tó bá fi 30 ọdún gbé inú ilé bẹ́ẹ̀, ó tó 26% pé yóò fojú rí i ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan. Ìyẹn ju ẹnì kan nínú mẹ́rin lọ. Inú ọkọ̀ ni mo ti ṣe ìṣirò yìí fún àbúrò mi bí a ṣe ń lọ, kò sì sọ̀rọ̀ mọ́ títí a fi dúró.

Ìdí tí mo fi lè gbóríyìn fún àwọn tó tún ilé yìí ṣe ni pé wọ́n ti mọ̀ pé odò máa padà wá, wọ́n sì ti palẹ̀ ilé mọ́ dè é. Ìsàlẹ̀ ilé kò ní pákó nílẹ̀ mọ́. Òkúta pẹlẹbẹ ni wọ́n tẹ́ síbẹ̀, èyí tí èèyàn lè fi omi mímọ́ fọ̀ lẹ́yìn tí ẹrẹ̀ bá ti lọ. Gbogbo sọ́kẹ́ẹ̀tì iná ìsàlẹ̀ kan àyà mi, wáyà wọn sì ń bọ̀ láti òkè wá sísàlẹ̀. Wọn kò fi pátákó jípísọ̀ọ̀mù bo ògiri, nítorí irú pátákó yẹn máa ń mu omi bíi kàn-ìn-kàn-ìn, bó bá sì ti mu ún, àyàfi kí wọ́n ya á dànù. Páìpù tó ń kó omi ìdọ̀tí jáde ní ìdérí tó máa ń ṣí síta nìkan, kí odò má baà gba inú rẹ̀ wọlé sí ilé ìwẹ̀. Ẹ béèrè nípa ìdérí yìí nílé yòówù tẹ́ ẹ bá lọ wò létí odò. Ilé méjì nínú mẹ́ta tí mo kọ́kọ́ wò kò ní i.

Pátákó tí wọ́n máa ń gbé sẹ́nu ilẹ̀kùn láti dá omi dúró wà lẹ́yìn àtẹ̀gùn. Mo wọ̀n ọ́n, 60 sẹ̀ǹtímítà ni gíga rẹ̀. Àbúrò mi ní kí ló dé tí wọn kò ṣe é kó ga jù bẹ́ẹ̀ lọ. Omi wúwo ni. Mítà kan níbùú, mítà kan lóròó, mítà kan ní gíga, tọ́ọ̀nù kan ni. Bí omi bá ga níta tí inú ilé sì gbẹ, gbogbo ìwúwo yẹn ni yóò máa ti ògiri, ògiri àtijọ́ sì lè wó. Ìdí nìyí tí àwọn tó mọ̀ nípa rẹ̀ fi sábà máa ń sọ pé bí omi bá ti ń kọjá nǹkan bí 60 sẹ̀ǹtímítà, ó sàn kí wọ́n jẹ́ kó wọlé. Inú ilé á tutù, ṣùgbọ́n ilé á wà lórí ìdúró.

Ọ̀rọ̀ ògiri ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi fara balẹ̀ lé. Ẹfun ni wọ́n fi so bíríkì ilé yìí pọ̀, ẹfun náà ni wọ́n sì fi rẹ́ ẹ nínú àti níta. Òkúta ẹfun ni wọ́n máa ń sun nínú iná ńlá, wọ́n á da omi sí i, yóò hó, yóò wá rọ̀ bí ẹrẹ̀ funfun, wọn á sì pò ó mọ́ iyanrìn. Kó tó di 1824 tí Joseph Aspdin gba ìwé ẹ̀tọ́ olùdásílẹ̀ lórí sìmẹ́ǹtì tó pè ní Portland nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹfun ló so ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé bíríkì àti ilé olókùúta pọ̀, ó sì tún pẹ́ lẹ́yìn náà kí sìmẹ́ǹtì tó gba ipò rẹ̀. Ẹfun kì í le tó sìmẹ́ǹtì, rírọ̀ yẹn gan-an la sì ń fẹ́. Ilé àtijọ́ kì í sábà ní ìpìlẹ̀ tó jìn, ó máa ń rìn díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú ilẹ̀ tó jókòó lé. Ẹfun á bá a tẹ̀, sìmẹ́ǹtì á là. Omi tó bá fà gòkè láti inú ilẹ̀, ojú ẹfun ló máa ń gbà jáde sínú afẹ́fẹ́. Bí ẹ bá fi sìmẹ́ǹtì dí i lójú, omi ò ní torí ìyẹn má wá. Inú bíríkì ni yóò há sí, iyọ̀ tó bá a wá yóò gbẹ sínú rẹ̀, bíríkì á sì máa rún di lẹ́búlẹ́bú lẹ́yìn ọ̀dà tó ń dán.

Nínú gbọ̀ngán, mo fi ẹ̀yìn ọwọ́ mi kan ògiri láti ilẹ̀ lọ sókè. Òjò ti rọ̀ ní gbogbo òru, síbẹ̀ ó tutù bí ògiri ṣe ń tutù ni, kò lómi lára. Kò sí òórùn èbu. Màmá wa, tí ikọ́ máa ń yọ lẹ́nu bó bá ti wọ ibi tó ní ọ̀rinrin, jókòó síbẹ̀ fún wákàtí kan ó lé láìwúkọ́. Mo gbára lé ìyẹn gẹ́gẹ́ bí mo ṣe gbára lé ẹ̀rọ ìwọn-omi tó wà lọ́wọ́ mi.

Wọ́n ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò ráyè wọ̀ ọ́. Mo fi tọ́ọ̀ṣì wá ibi tí èyí ti lanu, mo sì rí i lókè fèrèsé kan ní ẹ̀yìn ilé, ìlà tín-ín-rín tó dagẹ̀rẹ̀. Wọ́n ti lẹ gíláàsì pẹlẹbẹ kan mọ́ ọn lójú, ó dábùú ìlà náà, wọ́n sì kọ ọjọ́ tí wọ́n lẹ̀ ẹ́ sí i lára. Bí ògiri bá tún yà díẹ̀ péré, gíláàsì á ṣẹ́. Ó ti lé ní ọdún mẹ́ta tó ti wà níbẹ̀, kò sì ṣẹ́. Bàbá mi ì bá bọ ẹni tó ronú kàn án lọ́wọ́.

Mo gba àyè lọ́wọ́ màmá, mo gun orí àjà. Òòlu bàbá mi wà lọ́wọ́ mi, pẹ̀lú ẹ̀rọ kékeré ẹlẹ́nu méjì tí wọ́n fi ń wọn omi inú igi. Igi tí omi inú rẹ̀ kò bá tó 20%, olu tó ń jẹ igi kì í ráyè gbé inú rẹ̀. Bó bá ti ń kọjá ibẹ̀, wàhálà ń bọ̀ nìyẹn. Mo gún igi mẹ́rìnlá: 13, 14, 13, 15, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń lọ. Àfi ẹyọ kan, mo ń bọ̀ wá sórí rẹ̀. Mo rí ihò kéékèèké bí ojú abẹ́rẹ́ lára pákó àtijọ́ kan. Ihò nìkan kò tó ohun tí ẹ̀ ń sá fún, ó lè jẹ́ pé kòkòrò tó lu ú ti kú kí wọ́n tó bí ẹni tó ń wò ó. Ìyẹ̀fun igi tuntun lábẹ́ ihò ni kẹ́ ẹ máa wá. Mo fi àtẹ́lẹwọ́ pa orí pákó náà, eruku dúdú ló lẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́, kò sí ìyẹ̀fun.

Igi àjà mẹ́jọ ni orí wọn ti jẹrà tẹ́lẹ̀ níbi tí wọ́n ti wọ inú ògiri. Ẹlòmíràn ì bá yọ wọ́n jù nù. Wọ́n gé ibi tó bàjẹ́ nìkan, wọ́n gé orí igi àtijọ́ àti ti tuntun ní ìdagẹ̀rẹ̀ kí wọ́n lè gorí ara wọn, wọ́n sì fi èèkàn igi kàn wọ́n pọ̀. Mo gbìyànjú láti ti òòlu bọ ojú ibi tí wọ́n ti pàdé, kò wọlé. Wọn kò sì kun igi tuntun kó lè jọ ògbólógbòó. Ó funfun, èkejì rẹ̀ dúdú, ọmọdé á mọ èyí tó jẹ́ àtúnṣe. Ní 1964, àwọn ayàwòrán ilé àti àwọn onímọ̀ nípa ilé àtijọ́ pàdé ní Venice, wọ́n sì fẹnu kò lórí ìlànà tó yẹ kí irú iṣẹ́ yìí máa tẹ̀ lé: ibi tí ìméfò bá ti bẹ̀rẹ̀, kí àtúnṣe dúró síbẹ̀, ohun tí a bá fi dípò èyí tó sọnù, kó bá ara ilé mu, ṣùgbọ́n kí ojú lè yà á sọ́tọ̀. Mo bi màmá bóyá ọmọ rẹ̀ ka ìlànà náà. Kò gbọ́ nípa rẹ̀ rí. Ó ní ohun tí ọmọ náà máa ń sọ ni pé òun kò ní purọ́ mọ́ ilé.

Èrò kan náà ló wà lára àtẹ̀gùn. Ọ̀pá márùn-ún ti sọnù níbi tí wọ́n ti ń fọwọ́ tì í, àwọn tó kù sì jẹ́ gbígbẹ́, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àrà tirẹ̀. Wọn kò rí àwòrán tó fi àwọn márùn-ún náà hàn, nítorí náà ọ̀pá gbọọrọ tí kò lárà ni wọ́n fi síbẹ̀. Àbúrò mi ní ó dà bí eyín tó yọ. Èmi fara mọ́ ọn pátápátá. Bí wọ́n bá gbẹ́ ohun tí wọ́n kàn rò lọ́kàn síbẹ̀, báwo ni n ó ṣe gba àwọn yòókù gbọ́?

Gíláàsì fèrèsé òkè ń ru bí ojú omi. Bí èèyàn bá mi orí díẹ̀, igi tó wà lódìkejì odò á tẹ̀, á tún nà. Ẹ ó gbọ́ lẹ́nu àwọn kan pé gíláàsì máa ń ṣàn wálẹ̀ bó bá ti pẹ́. Kò rí bẹ́ẹ̀, bí wọ́n ṣe ṣe é ló fa rírú yẹn: wọ́n á fi ẹnu fẹ́ ẹ, wọ́n á wá tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ. Ọdún 1959 ni ilé iṣẹ́ Pilkington kéde ọ̀nà tí wọ́n fi ń da gíláàsì yíyọ́ sórí tánganran yíyọ́, èyí ló sọ gíláàsì òde òní di títẹ́jú gbọnrangandan ní owó pọ́ọ́kú. Gíláàsì tó ń ru, bó bá fọ́, kò rọrùn láti rí irú rẹ̀ rà. Ẹni tó bá ra ilé yìí, mo bẹ̀ ẹ́, má yọ wọ́n. Bí afẹ́fẹ́ bá ń yọ́ wọlé, fi fèrèsé kejì sí i nínú.

Òrùlé ti táìlì amọ̀, ó dára, gọ́tà mọ́. Kòtò ìgbọ̀nsẹ̀ wà lẹ́yìn ilé, lórí ilẹ̀ tó ga ju ìlà kẹrin lọ, ó sì ju 30 mítà lọ sí kànga, bó ṣe yẹ. Ọ̀dà àtijọ́ tó ní òjé ṣì wà lábẹ́ ọ̀dà tuntun lára ilẹ̀kùn méjì. Irú ọ̀dà yẹn ni Amẹ́ríkà fòfin dè fún ilé gbígbé ní 1978 nítorí ohun tó ń ṣe fún ọpọlọ ọmọdé. Bí kò bá ti bó, ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ kò gbọdọ̀ fi gíláàsì-péépà gbígbẹ họ ọ́.

Ó wá kan ilé ìdáná. Ìpolówó pè é ní ilé ìdáná tuntun, ọ̀dà funfun rẹ̀ sì ń dán. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Bí mo ṣe wọlé, imú mi ti sọ fún mi. Mo fi ìka kan ògiri tó kọjú sí odò, ó ń dún bí igbá òfìfo láti ilẹ̀ títí dé ìgúnpá mi. Ní kọ̀rọ̀, lẹ́yìn àpótí ìkáṣọ kan, iyọ̀ funfun ti ń hù lára ògiri bí irun. Sìmẹ́ǹtì ni wọ́n fi rẹ́ ẹ. Igi òrùlé tó wà lókè rẹ̀ gan-an ni ẹyọ kan tí mo ní mò ń bọ̀ wá bá: 22%.

Mo ṣì ń ro bí n ó ṣe sọ ọ́ tí màmá fi ṣáájú mi. “O ti rí i. Ọdún àkọ́kọ́ tá a bẹ̀rẹ̀ la gba mọlémọlé kan, ó ní sìmẹ́ǹtì ló máa gbà wá lọ́wọ́ omi. A ò tíì mọ nǹkan kan nígbà náà. Ajẹ́ńtì ló ní ká kùn ún kí wọ́n tó wá ya fọ́tò.”

Mo bínú sí ọ̀dà yẹn. Ilé tó fi ojú omi mẹ́rin hàn lẹ́nu ọ̀nà kò yẹ kí ẹnikẹ́ni kun ẹ̀tàn sí i lára níbòmíràn. Ẹni tó bá fẹ́ rà á, kó ka owó iṣẹ́ yìí mọ́ ọn: wọ́n ní láti ṣí sìmẹ́ǹtì náà kúrò jẹ́jẹ́ kí ojú bíríkì má baà bá a bọ́, kí wọ́n yọ èyí tó ti rún, kí wọ́n sì jẹ́ kí ògiri gbẹ kí wọ́n tó fi ẹfun rẹ́ ẹ padà. Ìwọ̀n tí àwọn mọlémọlé máa ń lò ni oṣù kan fún 2.5 sẹ̀ǹtímítà. Fún ògiri 45 sẹ̀ǹtímítà, oṣù 18 nìyẹn. Bí ẹnikẹ́ni bá ṣèlérí fún yín pé òun á parí rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹ wá ẹlòmíràn. Igi yẹn á gbẹ fúnra rẹ̀ bí ògiri bá ti gbẹ, mo fi òòlu wò ó, kò tíì rọ̀.

Ṣé ẹ rí i, ilé ìdáná yẹn kò lè lé mi padà. Bèbè odò ló ń dà mí láàmú.

Ibi tí odò ti yí kọ́nà ni ilé yìí dúró sí, apá òde kọ́nà náà ló sì wà. Níbi tí odò bá ti yí, apá òde lomi ti máa ń sáré jù, á máa gbẹ́ ìdí bèbè. Apá inú lomi ti ń rọra lọ, ibẹ̀ ló ti máa ń sọ iyanrìn sílẹ̀. Ẹ dúró níwájú ilé kẹ́ ẹ wo òdìkejì, ẹ ó rí òkìtì iyanrìn tó gùn tó ń tàn sí i. Ibì kan niyanrìn yẹn ti ń kúrò. Igi ńlá márùn-ún ló di bèbè yìí mú tẹ́lẹ̀. Wọ́n gé méjì nínú wọn kí wọ́n lè máa rí odò dáadáa láti gbọ̀ngán. Màmá kò fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí èyí púpọ̀, mi ò sì tì í.

Lẹ́yìn tí wọ́n gé igi náà ni ọmọ rẹ̀ kan irin kan mọ́lẹ̀ níwájú ilé. Lọ́dọọdún, lẹ́yìn òjò, ó máa ń na téèpù láti ara irin yẹn dé ẹnu bèbè, ó sì ń kọ ọ́ sínú ìwé àjákọ kan. Màmá gbé ìwé náà wá fún mi. Ọdún mẹ́rin ló wà níbẹ̀. Lọ́dún àkọ́kọ́, bèbè sún wọlé ní 55 sẹ̀ǹtímítà. Ìgbà yẹn ni wọ́n kó òkúta sí ìdí bèbè, wọ́n sì gbin igi kéékèèké tí gbòǹgbò wọn máa ń tàn. Lẹ́yìn náà: 12, 8, 5.

Láti orígun ilé tó sún mọ́ omi jù dé ẹnu bèbè, mítà 11 àti 40 sẹ̀ǹtímítà ni mo wọ̀n. Bó bá jẹ́ 5 sẹ̀ǹtímítà lọ́dún ni odò yóò máa mú, lẹ́yìn 30 ọdún, mítà kan ààbọ̀ péré ló ti lọ. Bó bá jẹ́ 55 ni, kò ní pé ọdún 21 tí bèbè á fi dé ẹsẹ̀ ilé. Ìdí tí màmá wa fi ní kí àwa ọmọ òun wá ilé tuntun ni kí òun lè ní ibi tí òun á máa jókòó wo omi. Òun sì nìyẹn, lókè, lójú fèrèsé tí gíláàsì rẹ̀ ń ru, ó ti bọ́ bàtà, ó ti ká ẹsẹ̀ sórí àga, ó ń bá màmá onílé sọ̀rọ̀ bí ẹni pé wọ́n jọ dàgbà. Àbúrò mi fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ ká rà á.” Mo ní ká ṣì mú sùúrù.

Àwọn nǹkan tí mo fi sílẹ̀ fún lọ́yà nìyí: kó yẹ ìwé ilé wò, kó sì mọ bóyá gbogbo ọmọ ìdílé tí orúkọ wọn wà nínú rẹ̀ ló ti fọwọ́ sí títà á, torí ilé tó ti gba ọwọ́ ìran márùn-ún kọjá lè ní onílé ju ẹyọ kan lọ. Kó wádìí bóyá ilé náà wà lára àwọn tí òfin dáàbò bò, nítorí ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, ẹ kò lè pààrọ̀ fèrèsé irú ilé bẹ́ẹ̀, ẹ kò sì lè to òkúta sétí odò, láìgba àṣẹ. Èmi fúnra mi ti kọ̀wé sí àwọn adójútòfò, mo sì sọ ìlà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fún wọn bí wọ́n ṣe ga tó. Bí wọ́n bá kọ̀ láti gba ilé náà, ẹni tó bá yá owó láti fi rà á lè má rí owó yá.

Ní ti iṣẹ́ àtúnṣe fúnra rẹ̀, yàtọ̀ sí ilé ìdáná, mi ò tíì rí èyí tó dára tó o, mo sì ti wo púpọ̀. Ìwọ̀nba ni mo máa bẹ̀ wọ́n kí wọ́n dín nínú owó rẹ̀, nítorí ògiri tó lómi yẹn, mi ò sì ní tàbùkù sí ìyókù kí n lè rí i rà lówó pọ́ọ́kú.

Nígbà tí a fẹ́ máa lọ, màmá onílé ní kí n mú ìwé àjákọ náà dání. Mo ní rárá, kó wà níbẹ̀ pẹ̀lú irin rẹ̀. Ó wá ní bí òjò ọdún yìí bá ti dáwọ́ dúró, ọmọ òun ò ní lè wá, ṣé n ó bá òun na téèpù? Mo ti gbà. Ìlà karùn-ún nínú ìwé náà ṣì ṣófo.